Aago Mélòó Ló Lù ní Addis Ababa?

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí mímọ orílẹ̀-èdè kan kí a tó ṣàbẹ̀wò síbẹ̀

Kíláàsì: Ọdún kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà
Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tó tẹ̀léra
Orílẹ̀-èdè tí a fi ṣe àpẹẹrẹ: Etiópíà

ÈRÒŃGBÀ Ẹ̀KỌ́

Lópin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè yí aago àti ọjọ́ àwọn ará Etiópíà padà sí tiwa. Ó gbọ́dọ̀ lè pe àgbàlagbà ibẹ̀ lórúkọ láìtàbùkù rẹ̀, kí ó sì lè sọ ìdí tí olóúnjẹ fi lè wí fún un lọ́jọ́ Ẹtì pé kò sí ẹran. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ó lè fúnra rẹ̀ to ìbéèrè tí yóò béèrè nípa orílẹ̀-èdè mìíràn tí a kò kọ́ ọ rí.

Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kọ́ yìí há orúkọ odò àti òkè sí ọmọ lórí. Olùkọ́ Jọ́gíráfì wà fún ìyẹn, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé.

OHUN ÈLÒ ÌKỌ́NI

Máàpù Áfíríkà, aago ògiri tí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé yí, àti kàlẹ́ńdà ọdún yìí. Bí owó bá wà, kí olùkọ́ wá hóró kọfí tí a kò tíì yan, kí ó yan díẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú kíláàsì. Òórùn rẹ̀ yóò bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

ÌMỌ̀ ÀTẸ̀YÌNWÁ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bá Etiópíà pàdé nínú Bíbélì. Àwọn ọmọ ilé kéwú ti gbọ́ ìtàn Nàjáṣì, ọba ilẹ̀ Hábáṣà, ìyẹn Etiópíà, tó gba àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì mọ́ra nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń ni wọ́n lára. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun lè ti gbọ́ orúkọ Bole rí, nítorí pápákọ̀ òfuurufú Bole ní Addis Ababa ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó wọ Ethiopian Airlines láti Ìkẹjà ti ń pààrọ̀ ọkọ̀. Àwọn òbí àti ìyá àgbà nílé kò sì tíì gbàgbé àwòrán ìyàn ọdún 1984.

Ìyàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì burú. Àmọ́ ilẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 lọ, tó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan ló pọ̀ jù ú lọ ní Áfíríkà, kò ṣeé fi àwòrán ọdún kan mọ̀. Kí olùkọ́ sọ èyí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọjá.

ÌFÁÁRÀ

Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè yìí sójú pátákó: *O ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì láti Addis Ababa lọ sí Hawassa. Awakọ̀ ní aago méjìlá òwúrọ̀ ni òun yóò gbéra. Ìgbà wo ni kí o dé ibùdókọ̀?*

Àwọn kan yóò ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ yóò ní òru ni, nítorí wọ́n rántí bí fóònù ṣe ń ka aago. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n jà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì náà yóò lọ ní ohun tí àwa ń pè ní aago mẹ́fà ìdájí. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán yóò bá àwọn tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀.

Ibí yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní dúró lé. Àlejò kì í sábà kọsẹ̀ lórí ohun tó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀ pé òun kò gbọ́ èdè wọn, nítorí náà yóò wá ògbufọ̀. Ó mọ̀ pé òun kò mọ̀nà, yóò béèrè. Ohun tó ń gbé e ṣubú ni èyí tó gbà pé bákan náà ló rí níbi gbogbo lágbàáyé: aago, ọjọ́ oṣù, orúkọ èèyàn, ẹran inú ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè nípa wọn.

ÌGBÉSẸ̀ KÌN-ÍN-NÍ: AAGO

Ní Etiópíà, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Aago méje àárọ̀ wa ni aago kan wọn. Aago mẹ́jọ wa ni aago méjì wọn. Bí oòrùn bá dé àtàrí, tí àwa ní aago méjìlá ọ̀sán lù, aago mẹ́fà ni lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, aago méjìlá ọ̀sán ti pé, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení: aago méje alẹ́ wa ni aago kan òru wọn.

Kí olùkọ́ yí ọwọ́ kékeré aago ògiri sí méje, kí ó ní kí ọmọ kan fi ìka tọ́ nọ́ńbà tó dojú kọ ọ́ tààrà. Ení ni. Kí wọ́n tún ṣe é pẹ̀lú mẹ́sàn-án, yóò bọ́ sí mẹ́ta. Wákàtí mẹ́fà ni gbogbo ìyàtọ̀ náà, kò sí ìṣirò tó le níbẹ̀.

Bí ọmọ kan bá béèrè ìdí, ìbéèrè gidi ló béèrè, kí a má sì pa á lẹ́nu mọ́. Etiópíà kò jìnnà sí ìlà tó dá ayé sí méjì láàárín gbùngbùn, nítorí náà oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ń mọ́ fún ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ lè fi òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ aago. Àwọn tó ń sọ èdè Swahili ní Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà náà ń kà á bẹ́ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ilẹ̀ ń mọ́ kí aago márùn-ún tó lù ní Júùnù, tí oòrùn kì í sì í yọ títí aago mẹ́jọ fi lù ní Dìsẹ́ńbà, irú aago bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, aago ti Etiópíà ló bá ilẹ̀ tiwa náà mu ju èyí tí a ń lò lọ, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní gbà mí gbọ́.

Àkíyèsí méjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn àjọ àgbáyé tó wà ní Addis Ababa ń lo aago tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà aago méjì ló ń rìn pọ̀ nínú ìlú kan. Ẹni tó bá bá èèyàn ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ béèrè pé aago ti ilẹ̀ yìí ni àbí ti òkèèrè. Èkejì, wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣíwájú Nàìjíríà. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Ìbàdàn, aago méjì ọ̀sán ni ní Addis Ababa, èyí tí ìyá oníkọfí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò pè ní aago mẹ́jọ.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: OṢÙ ÀTI ỌDÚN

Oṣù mẹ́tàlá ló wà nínú ọdún wọn. Méjìlá nínú rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. Ìkẹtàlá, tí wọ́n ń pè ní Pagume, jẹ́ ọjọ́ márùn-ún péré, tàbí mẹ́fà lọ́dún kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ọdún tuntun wọn, Enkutatash, ń bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tàbí ọjọ́ 12 bí ọdún tiwa tó ń bọ̀ bá jẹ́ èyí tí Fẹ́búárì ń ní ọjọ́ 29. Ìgbà náà ni òjò ńlá ń parí, tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ń bo orí òkè.

Iye ọdún wọn sì kéré sí tiwa. Láti Jánúárì títí di ọdún tuntun wọn ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún mẹ́jọ ni ìyàtọ̀. Láti ìgbà náà títí di òpin Dìsẹ́ńbà, ọdún méje. Ohun tó fà á ni pé àwọn àlùfáà àtijọ́ kò ka ọdún tí a bí Jésù bákan náà: Etiópíà tẹ̀lé ìṣirò tó wá láti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, Yúróòpù tẹ̀lé ti Róòmù. Nígbà tí ayé yòókù ti gbàgbé ariwo ọdún 2000, ọjọ́ 12 Sẹ̀tẹ́ńbà 2007 ni Etiópíà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tiwọn, wọ́n sì ṣe é tìlù tìfọn.

Ọ̀rọ̀ yìí di ìṣòro nígbà tí ó bá wọ inú ìwé. Rìsíìtì, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lè jẹ́ ti kàlẹ́ńdà yìí tàbí ti tọ̀hún. Kérésìmesì wọn, Genna, jẹ́ ọjọ́ 7 Jánúárì. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 25 Dìsẹ́ńbà láti lọ ṣe ọdún yóò bá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ààwẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ORÚKỌ ÀTI ÌKÍNI

Abiy Ahmed ló di olórí ìjọba Etiópíà ní 2018. Abiy ni orúkọ rẹ̀. Ahmed ni bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ahmed, bàbá rẹ̀ ló ń kí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń fi Ato ṣáájú orúkọ ọkùnrin fúnra rẹ̀, Weyzero ṣáájú ti abilékọ, Weyzerit ṣáájú ti omidan. Obìnrin kì í pààrọ̀ orúkọ nítorí pé ó lọ́kọ. Abebe Bikila, tó sáré máratóònì láìwọ bàtà ní Róòmù ní 1960 tó sì gba wúrà, Abebe ni wọ́n ń pè é nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bikila ni ìwé ìròyìn òkèèrè ń kọ.

Kí èyí má ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn baba ńlá wa náà kò mọ orúkọ ìdílé tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ. Ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló so ó mọ́ wa lọ́rùn.

Nínú èdè Àmháríkì, a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ojúgbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà lọ́tọ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin sì tún yàtọ̀ láàárín àwọn ojúgbà. "Selam" tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba nǹkan, kí ọwọ́ òsì sì ti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn bí ó bá jẹ́ àgbà ló fún ni. Bí ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ bá fa èémí símú lójijì bí ẹni tí ẹ̀rù bà, fara balẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ.

Èdè tó wà níbẹ̀ lé ní 80. Àwọn Oromo ló pọ̀ jù, álífábẹ́ẹ̀tì Róòmù bíi tiwa ni wọ́n sì fi ń kọ èdè wọn, nígbà tí Àmháríkì ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ tó ti pẹ́ gan-an. Addis Ababa gan-an, Finfinne ni Oromo ń pè é. Nítorí náà, kí àlejò má pe gbogbo ẹni tó bá rí ní Amhara.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: OÚNJẸ, ÀÀWẸ̀ ÀTI KỌFÍ

Injera ni oúnjẹ wọn. Láti ara tẹ́ẹ̀fù ni, ọkà kan tí hóró rẹ̀ kéré débi pé ó lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ láìmọ̀. Wọ́n á pò ó, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì dín in fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí agbada pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń bu ọbẹ̀ lé, gbogbo èèyàn á sì pagbo yí àwo kan ṣoṣo ká. Wọ́n á gbé omi wá kí oníkálùkù ṣanwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń ya á, òun kan náà ni a fi ń kó ọbẹ̀. Ọmọ tó ti ń fi ọwọ́ jẹ iyán láti kékeré ti gba ìwé ẹ̀rí níbí.

Ohun tó lè dà á láàmú ni gursha: ẹni tó gbà ọ́ lálejò yóò fọwọ́ ara rẹ̀ di òkèlè ńlá, yóò sì fi sí ọ lẹ́nu. Ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ni. La ẹnu.

Ní ti ẹran, kí olùkọ́ rọra lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Orthodox, tí ẹ̀sìn wọn ti wà níbẹ̀ láti ayé ọba Ezana ti Aksum ní ọ̀rúndún kẹrin, kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì. Ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 55. Bí a bá ro gbogbo ọjọ́ ààwẹ̀ inú ọdún pọ̀, ó ju 100 lọ dáadáa. Ilé oúnjẹ púpọ̀ kì í se ẹran nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀wà lẹ́ńtì, ẹ̀fọ́ àti ata. Ata wọn, berbere, kò ní ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bá sì tú, ẹran màlúù tútù tí iná kò kàn ni àwọn kan ń fẹ́. Kí olùkọ́ retí ariwo nínú kíláàsì.

Ohun mìíràn wà tí ọmọ Yorùbá kò ní rò láé. Nílé wa, Kìrìsìtẹ́nì ń jẹ ẹran Iléyá, Mùsùlùmí sì ń jẹ adìyẹ Kérésì tí aládùúgbò kò bá bínú síra wọn. Ní Etiópíà, ẹran tí Mùsùlùmí pa, Kìrìsìtẹ́nì kì í sábà jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Mùsùlùmí kì í jẹ èyí tí Kìrìsìtẹ́nì pa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó tí aládùúgbò méjèèjì yóò wá, ó máa ń pa ẹran lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí kò fi hàn pé wọ́n jẹ́ ọ̀tá. Harar, ìlú Mùsùlùmí olódi, àti Lalibela, tí wọ́n ti gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá sínú àpáta, wà nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kò rójú rere ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni kọfí, kì í ṣe nǹkan à-mu-sáré. Ilẹ̀ wọn ni irú kọfí tí ayé ń pè ní Arabica ti ṣẹ̀. Wọ́n á fọ́n koríko tútù sílẹ̀, wọ́n á jó tùràrí, obìnrin ilé á yan hóró kọfí lójú àlejò, á gbé e kiri kí olúkúlùkù gbóòórùn, á gún un, á sì sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena. Gúgúrú ni wọ́n sábà máa ń fi gbè é. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń bu ú láti orí hóró kan náà: abol, tona, baraka. Ìkẹta ni ti ìbùkún. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn àkọ́kọ́, tó ní òun ní ìpàdé, ti sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́ wá mu kọfí, má ṣe fi nǹkan mìíràn sí ọ̀sán ọjọ́ náà.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: ÒKÈ, ÒTÚTÙ ÀTI ẸRÙ

Addis Ababa ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí mítà 2,350. Jos tí a ń ròyìn òtútù rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,200 lọ. Àlejò láti Èkó yóò mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò sì wá súwẹ́tà lálẹ́. Omi ń hó níbẹ̀ kí ó tó gbóná tó ti ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n 92 dípò 100, nítorí náà ẹ̀wà máa ń pẹ́ lórí iná. Ẹ̀fọn onímalaríà kò fẹ́ràn òkè náà, ṣùgbọ́n ó ń bẹ ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ìjọba ń pe àlejò wá pẹ̀lú ìlérí oṣù mẹ́tàlá tí oòrùn yóò fi ràn. Ìpolówó ọjà ni. Láti Júùnù dé Sẹ̀tẹ́ńbà, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ gidi.

Kí a mú yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ihò iná wọn jẹ́ rìbìtì méjì, tiwa kò ní wọ̀ ọ́. Birr ni owó wọn, ìjọba sì tú iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà ní Júláì 2024, nítorí náà iye owó tó bá wà nínú ìwé tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò wúlò mọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: OHUN TÍ WỌ́N Ń RÁNTÍ

Ọjọ́ kìíní Máàṣì 1896, ọmọ ogun Ọba Menelik kejì ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa. Ìyàwó rẹ̀, Taytu, wà lójú ogun náà. Ítálì padà wá ní 1935 pẹ̀lú gáàsì olóró, ó gba ìlú ní 1936, wọ́n sì lé e jáde ní 1941. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ka ọdún márùn-ún yẹn sí pé wọ́n mú wọn sìn, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ní 25 Méè 1963, Addis Ababa ni orílẹ̀-èdè 32 ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀, Tafawa Balewa sì wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà.

Ọ̀dọ́ wa tó gbọ́ orin Jàmáíkà lè rò pé gbogbo Etiópíà ló ń júbà ọba wọn àtijọ́, Haile Selassie. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀; àwọn mìíràn ń rántí ìyàn àti ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá wọn kí àwọn ológun tó yọ ọ́ nípò ní 1974. Ìjọba ológun yẹn náà sì pa èèyàn púpọ̀. Kí àlejò gbọ́ tẹnu wọn kó tó sọ tirẹ̀.

Ogun Tigray bẹ̀rẹ̀ ní Nofẹ́ńbà 2020, àdéhùn àlàáfíà sì wáyé ní Nofẹ́ńbà 2022. Láti 2023 ni ìjà mìíràn tún ti wà ní agbègbè Amhara, níbi tí Lalibela wà. Èyí ni kò jẹ́ kí ó dára láti bi ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yà wo ni. Nílé wa ìbéèrè yẹn lè jẹ́ àwàdà. Níbẹ̀ ó lè dun ẹni tí àbúrò rẹ̀ kú.

ÀKÍYÈSÍ FÚN OLÙKỌ́: IBI TÍ A TI Ń RÍ ÌMỌ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà arìnrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rà. Ó dára fún máàpù. Èmi yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, bíi *Addis Fortune* àti *The Reporter*, fún oṣù kan, pàápàá ojú ìwé tí wọ́n ti ń ráhùn nípa owó ilé. Kí ó gbọ́ orin Mulatu Astatke. Kí ó ka *The Shadow King* tí Maaza Mengiste kọ nípa àwọn obìnrin tó jagun Ítálì. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ẹni tó ti gbé ibẹ̀, kí ó má bi í pé ṣé ibẹ̀ dára. Kí ó bi í pé kí ló ṣì ń ṣe ní àṣìṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ààbò àti físà jẹ́ ti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn, kí a sì tún un béèrè ní ọ̀sẹ̀ tí a ó gbéra.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

1. Ẹnìkan ní kí o wá mu kọfí ní aago mẹ́sàn-án ọ̀sán, aago ilẹ̀ Etiópíà. Aago mélòó ni lọ́wọ́ rẹ bí o bá wà ní Addis Ababa? Mélòó ni ní Òṣogbo?
2. Wọ́n bí ọmọ kan ní oṣù kẹta ọdún 2000 ti Etiópíà. Ọdún wo ni lórí kàlẹ́ńdà tiwa, oṣù wo ló sì lè jẹ́?
3. Weyzerit Almaz Tesfaye fẹ́ Ato Dawit Girma. Kí ni a ó máa pè é lẹ́yìn ìgbéyàwó? Ta ni Tesfaye?
4. O fẹ́ se àsè fún aládùúgbò Orthodox kan àti Mùsùlùmí kan lọ́jọ́rú. Kí ni wàá sè?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Yan orílẹ̀-èdè kan tí o kò dé rí. Kọ ohun márùn-ún tí o gbà pé bí ó ṣe rí níbí náà ló rí níbẹ̀, irú èyí tí o kò ní ronú láti béèrè. Wá èèyàn kan tó ti gbé ibẹ̀, kí o ka wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ èyí tó rẹ́rìn-ín sí.